Ẹ̀bẹ̀ Kì í Kun Ọkọ̀ Lọ́dà

Ìbàràpá méje, láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, láti Tápà dé Ayétẹ̀ títí kan Ìgàngán, ilẹ̀ ẹ̀gúsí, ilẹ̀ ìlasa, ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi ìbejì ta lọ́rẹ, ẹ̀yin ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kò ju ti owó àtúnṣe lọ: nígbà tí ènìyàn bá ṣèèṣì ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́ díẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀, tí eegun kò sì ṣẹ́, tí ó jẹ́ pé bọ́ńpà ni ó sán tàbí ilẹ̀kùn ni ó họ, kí ni ó jẹ ẹni tí ó ni ọkọ̀, ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí ó gbà san án? Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́ jù fún àpéjọ tí ọba jókòó sí. Èmi kò bá wọn gbà, nítorí pé ọ̀ràn kéékèèké tí a ń gbójú fò lójoojúmọ́ ni ó ń sọ bí ìlú ti ka ohun olóhun sí, kékeré sì ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti máa ń rí láàrin wa. Ọjọ́ ọjà Tówóbowò ni, ọ̀nà ti há, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìyá àgbà kan pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí sẹ́yìn ọ̀kadà, ó fẹ́ gba àárín ọkọ̀ akẹ́rù kan àti mọ́tò olùkọ́ kan tí ó wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kọjá, ni irin tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé lára ọ̀kadà bá fa ilẹ̀kùn mọ́tò náà họ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí olùkọ́ náà tó jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù tí ó wọ̀, ènìyàn márùn-ún ti dọ̀bálẹ̀. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì í.” “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú Ọlọ́run, ọmọ tálákà ni.” “Ẹ̀yin náà ṣáà bímọ.” Bí ó bá dáhùn pé òun ti foríjì í, ṣùgbọ́n pé òun fẹ́ kí a tún ilẹ̀kùn òun ṣe, ohùn á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Ṣé kí ó lọ ta ọ̀kadà ni?” “Irú kí ni èyí, nítorí ọ̀dà lásán!” Láìpẹ́ láìjìnnà, ẹni tí a ṣẹ̀ ti di ìkà, ẹni tí ó ṣẹ̀ ti di ẹni tí gbogbo ọjà ń káàánú. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ọlọ́kadà ti dé ilé rẹ̀, àwọn ẹlẹ́bẹ̀ ti dé ilé wọn, olùkọ́ náà nìkan ni ó gbé àpá ilẹ̀kùn sùn, tí ó sì tún gbé orúkọ burúkú lé e.

Ibi tí mo dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Gbèsè méjì ni ẹni tí ó ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́ jẹ: ó jẹ ẹni náà ní ẹ̀bẹ̀ nítorí inú tí ó bí i, ó sì jẹ ẹ́ ní owó nítorí irin tí ó bàjẹ́. Ẹ̀bẹ̀ a máa tu inú, owó a máa tún irin ṣe, ọ̀kan kò sì lè bá èkejì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìrònú kì í san gbèsè, ìdọ̀bálẹ̀ pàápàá kì í san án. Ẹni tí ó bá sì ju owó sílẹ̀ láìtọrọ àforíjì ti fi ìwọ̀sí kún ìbàjẹ́, èyí náà kò sì dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí a ń bá ọlọ́kadà bẹ̀bẹ̀, ohun tí a ń ṣe gan-an ni pé a ń fi ohun olóhun ṣe àánú. Bí àánú ọmọ náà bá ṣe wá lóòótọ́, àpò ara wa ni ó yẹ kí ọwọ́ wa kọ́kọ́ lọ, kí ẹnìkan yọ igba náírà, kí ẹnìkan yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kí a kó o jọ fún ẹni tí ó ni mọ́tò, kí a tó ní kí ó fi ìyókù jì í. Mo ti rí ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ní ojú títì. Àkójọ owó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìbàràpá sì kọ́ ni ó yẹ kí a máa kọ́ ní ohun tí ìbàjẹ́ tí a kò san máa ń bí. Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ irin àti ọ̀dà wé ẹ̀mí àwọn ènìyàn wa tí àwọn agbébọn gbà ní Ìgàngán ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà, ìpàdé mìíràn ni a ó sì ti tú wọn wò. Síbẹ̀, ṣáájú ọdún náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ké pé màlúù jẹ ẹ̀gẹ́, màlúù jẹ àgbàdo, a kó ẹjọ́ lọ síwájú àgbà, wọ́n bẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tí ó san án. Nígbà tí igbe náà pọ̀, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin lórí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba ní 2019, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ àtijọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹni tí a bá bẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kínní yóò gbà, ní ẹ̀ẹ̀kejì yóò gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣu ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

“Ọ̀dà lásán,” ni wọ́n máa ń wí. Ẹ lọ bi àwọn tí ń kun ọkọ̀ ní Èrúwà àti Igbó-Ọrà léèrè bí ọ̀dà bá ń jẹ́ lásán. Bí ìhọra kan bá ti kọjá ọ̀dà tí ó sì dé ojú irin, òjò kan ṣoṣo tó fún ìpẹtà láti bẹ̀rẹ̀, bí ìpẹtà bá sì ti wọ abẹ́ ọ̀dà, á máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ títí ibi tí kò họ rárá yóò fi máa wú. Ẹni tí yóò tún un ṣe kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ojú ìlà náà nìkan. Yóò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, bí irin bá tẹ̀ yóò lù ú jáde láti inú, yóò fi pọ́tì dí ojú ibi tí kò tẹ́jú, yóò fi bébà oníyanrìn yùn ún pẹ̀lú omi, yóò fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, kí ó tó wá po àwọ̀ tí yóò bá ti ọkọ̀ náà mu. Níbi pípo àwọ̀ yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ wà, nítorí pé oòrùn ti pa àwọ̀ ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá dà, ọ̀dà tí ó jáde láti inú agolo kò lè bá a dọ́gba. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ fi máa ń kun odindi ilẹ̀kùn, tí ó sì máa ń fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ dé ara èyí tí ó tẹ̀lé e, kí ojú má baà rí ààlà. Ní ti iná ẹ̀yìn, bí gíláàsì rẹ̀ bá sán, omi yóò wọ inú rẹ̀, yóò jẹ ibi tí wáyà ti pàdé gílóòbù, ọkọ̀ náà yóò sì máa rìn lóru láìsí iná ìdádúró. Ní ayé àtijọ́ a lè ra gíláàsì pupa nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde-òní, odindi ilé iná náà ni wọ́n ń tà, ẹni tí ó bá sì nílò rẹ̀ ní Ìbàràpá ni yóò ránṣẹ́ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Àrárọ̀mí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, tí yóò san owó ọjà, tí yóò san owó ọkọ̀ tí ó gbé e wá. Nítorí náà, ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ kọ́ ni yóò sọ pé nǹkan náà kéré. Oníṣẹ́ ni yóò sọ ọ́.

A máa ń wí pé àṣà Yorùbá ni pé kí a bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ṣe é. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé bí a ti ń dógò ti ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò san: olówó yóò ní kí àwọn aláṣẹ ìlú rán ológò lọ sí ilé onígbèsè, ológò yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa ki adìyẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí níbẹ̀ mọ́lẹ̀, títí tí gbogbo agboolé yóò fi dìde láti wá owó náà. Ìnira wà nínú àṣà yìí, ìwọ̀fà tí ó ń bá a rìn sì jẹ́ ìyà fún ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí wọ́n padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: gbèsè ẹnìkan ni gbèsè agboolé. Bí ọmọ wa bá ba nǹkan jẹ́, a jọ ń san án. Ohun tí a ṣe láyé òde-òní ni pé a pa ìdajì àṣà náà mọ́, a sì sọ ìdajì yòókù nù. Agboolé ṣì ń dìde, baálé ṣì ń wọ agbádá, ìyá ṣì ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mú owó dání mọ́. Ó dùn mí púpọ̀ pé a wá fi orúkọ àwọn baba wa bo ìwà tí wọn kò hù.

Nísinsìnyí, èló ni kí a san? Ní 1880, ẹjọ́ kan láti Scotland dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó wà láàrin ọ̀gbẹ́ni Livingstone àti ilé-iṣẹ́ èédú Rawyards, tí wọ́n wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé tiwọn ni. Lord Blackburn, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, sọ níbẹ̀ pé iye tí ó tọ́ ni iye tí yóò dá ẹni tí a pa lára padà sí ipò tí ìbá wà bí a kò bá ṣẹ̀ ẹ́ rárá, ìlànà yìí ni àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà sì ń tẹ̀lé. Ẹ kíyèsí i pé olójú méjì ni idà yìí. Ó gé ẹni tí ó ní kí a fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà pa ẹnu ẹni tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kò ní í tó tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó sì gé ẹni tí bọ́ńpà rẹ̀ ti sán ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ó fi okùn so ó mọ́ra láti ìgbà náà, tí ó wá rí ẹni tí ó fara kàn án ní ọjọ́ kan, tí ó ní bọ́ńpà tuntun láti inú páálí ni òun yóò gbà. Èyí èkejì yìí náà ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa, pàápàá bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá jẹ́ àlejò tàbí ẹni tí aṣọ rẹ̀ funfun, kò sì yàtọ̀ sí olè. Bí ọkọ̀ bá lo bọ́ńpà àlòkù tẹ́lẹ̀, bọ́ńpà àlòkù tí ó dára ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun kan wà tí a máa ń gbàgbé láti kà, òun ni owó òòjọ́: bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ẹni tí ó fi ń kó èrò láti Èrúwà lọ sí Ìbàdàn, tí àtúnṣe sì dá a dúró fún ọjọ́ méjì, owó ọjọ́ méjì náà wà lára gbèsè, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó epo tí kò jó kúrò nínú rẹ̀.

Ìjọba ti rò ó pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò ní owó yìí nílẹ̀ lójijì, ìdí sì nìyí tí inṣọ́ránsì tí àwọn awakọ̀ ń pè ní tọ́ọ̀dì pátì fi wà. Òfin ayé àwọn òyìnbó tí a ṣe ní 1945 kò sọ ju ti ikú àti ìpalára lọ. Òfin 2003 ni ó fi dandan lé e pé kí inṣọ́ránsì dé ara dúkìá ẹlòmíràn pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tí ń ṣàbójútó inṣọ́ránsì, ti gbé owó ti mọ́tò ara ẹni láti ₦5,000 dé ₦15,000 lọ́dún, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá tí mọ́tò náà bá bàjẹ́. Ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000 lọ́dún, ti kẹ̀kẹ́ Marwa jẹ́ ₦5,000. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń béèrè ìwé yìí lójú ọ̀nà, òfin inṣọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún náà kò sì mú dandan rẹ̀ kúrò. Àmọ́, púpọ̀ nínú wa ń ra ìwé náà nítorí ọlọ́pàá, a kì í sì í rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wúlò. Àwọn mìíràn ń ra ayédèrú lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí abẹ́ agbòòrùn. Ẹ ra ojúlówó. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ tètè fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí kí ẹ tó fi ẹnu ara yín ṣèlérí iye kankan, nítorí pé àdéhùn tí ó wà nínú ìwé náà sábà máa ń ka ìlérí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Bí àríyànjiyàn bá dé, àwọn kan á sáré gbé ọ̀rọ̀ lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n á fẹ́ kí a ti ẹni tí ó ṣèèṣì mọ́lé títí yóò fi san. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala kejìlélọ́gbọ̀n, kò fi àyè gba kí a mú ènìyàn nítorí ọ̀ràn gbèsè tàbí àdéhùn lásán. Kí ọlọ́pàá kọ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí ó di agbowó, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ wà fún ẹni tí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Èyí tí ó le jù lọ ni ti ìgbà tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sí nítòsí. Láti 2018 tí àjọ̀dún ìbejì ti ń kó ọkọ̀ wọ Igbó-Ọrà, àwọn àlejò láti Èkó, láti Abẹ́òkúta, láti òkè òkun pàápàá, ń fi mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa tóóró, wọ́n á lọ wo ijó, wọ́n á padà wá bá iná tí ó fọ́ tàbí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí ó já, kò ní sí ẹni tí ó rí i. Ọjà kún, kò sì sí ẹni tí ó rí i! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàràpá ń gbé, abala 170 nínú òfin ojú pópó ti 1988 ní kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ba ti ẹlòmíràn jẹ́ dúró, kí ó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó tọ́ sí. Bí kò bá rí ẹni tí yóò fi fún, kí ó fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Àwọn ọmọ wa ń ṣe é níbẹ̀. Ní Kétu àti Ṣàkẹ́tẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ìwé kan wà tí awakọ̀ méjèèjì lè jọ kọ, tí wọn yóò jọ yàwòrán bí ọkọ̀ ti kọlu ọkọ̀ sí, tí wọn yóò sì jọ fọwọ́ sí, kí àwọn oní-inṣọ́ránsì lè fi ṣe iṣẹ́ wọn láìsí ariwo. Bébà kékeré tí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí, tí a há sí abẹ́ ọwọ́ tí ń nu gíláàsì iwájú, kò gba owó, kò gba ìmọ̀ ìwé púpọ̀. Ọkàn ni ó gbà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń rò ó nínú pé, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ kò bá ní rárá ńkọ́? Ọlọ́kadà tí ń san owó ọ̀kadà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí ó ń bọ́ ìyàwó, tí ó ń san owó ilé-ìwé, a kò lè fún un lọ́rùn pa. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n àìní kì í pa gbèsè rẹ́, ó kàn ń fa ọjọ́ rẹ̀ gùn ni. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún méjì lọ́sẹ̀ ni yóò máa san. Kí àgbà kan dúró fún un. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ní sùúrù. Bí ẹni náà bá sì fẹ́ fi ìdajì jì í, kí ó jẹ́ pé láti inú ọkàn rẹ̀ ni ó ti wá lẹ́yìn tí a ti gbà pé ó ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá a mọ́ ògiri gba ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọdé tí ó fi òkúta tàbí bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì kò ṣòro: òbí ni yóò san án, kí ó sì mú ọmọ náà lọ́wọ́ dé iwájú ẹni tí ó ni ọkọ̀, kí ojú rẹ̀ rí i bí a ti ń ka owó náà.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún, Kábíyèsí, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè, FRSC, sílẹ̀ ní 1988 tí ó sì fi òun náà ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì fún wa láti fi ọwọ́ ara wa bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó bá tọ́. Kí ẹgbẹ́ àwọn tí ń lu irin ọkọ̀, ti àwọn tí ń kun ọ̀dà, àti ti àwọn mẹkáníìkì ní ìlú kọ̀ọ̀kan yan àgbà oníṣẹ́ mẹ́ta, tí a ó máa pè nígbà tí irú ọ̀ràn yìí bá ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n wo ibi tí ó bàjẹ́, kí wọ́n ya àpá tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ti àtijọ́, kí wọ́n kọ iye ọjà àti iye iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ọ̀kankan nínú wọn má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, kí ojú má baà wọ èrè. Kí a lẹ orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn mọ́ ara ògiri gáréèjì, ọjà àti ààfin. Bí Èrúwà bá kọ́kọ́ ṣe é, Igbó-Ọrà kò ní fẹ́ kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo ti ṣetán láti bá wọn jókòó kọ ìwé ìlànà rẹ̀ ní èdè Yorùbá, láìgba kọ́bọ̀.